Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Méjìdínlógún, Láti Ìrẹ́mọ dé Ìbàdàn

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni mo jáde nílé wa ní Ìrẹ́mọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1996, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bíírò mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ifẹ̀ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wọn kòkó fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, bíírò kì í sì í kúrò ní àpò àyà mi àfi bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan ń dúró dè mí ní Ìbàdàn, mo sì ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ sí i. Mo rò ó pé ẹni tí kò mú bíírò dání kò lè ṣèèṣì fọwọ́ sí nǹkan.

Mọ́rẹ́nikẹ́, àkọ́bí wa, ló ni fọ́ọ̀mù náà. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ fisíìsì ní yunifásítì níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ rán an lọ sókè òkun fún ọdún méjì lọ́fẹ̀ẹ́, kó lọ kọ́ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní antimátà, wọ́n sì ní òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà tó lù. Ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú lẹ́tà. Gbogbo ohun tó ní ìwọ̀n, òkúta, omi, ara èèyàn, mátà ni. Antimátà ni òdìkejì rẹ̀: ìwọ̀n wọn dọ́gba, àmọ́ iná mànàmáná tó wà lára ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì. Bí méjèèjì bá fara kanra, àwọn méjèèjì á pòórá, wọ́n á di kìkì agbára. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Èmi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò ṣáájú. Wọ́n ní bí gíráàmù kan péré bá pàdé gíráàmù mátà kan, agbára rẹ̀ yóò tó ìlọ́po mẹ́ta bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima. Mo lọ sí ìdí òṣùwọ̀n mi, mo gbé ẹyọ kòkó gbígbẹ kan lé e. Gíráàmù kan àti díẹ̀. Mo ń wo ẹyọ kòkó yẹn títí ẹni tó ni kòkó fi bi mí bóyá ó ti bu.

Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Modákẹ́kẹ́, torí Mọ́rẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Ó ka méjìdínlógún sínú aṣọ ògbólógbòó kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ o. Bó bá fara gbá, dídú ló máa dú.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e dé gáréèjì Mayfair bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Mọ́tò píjò kan ló ń pe Ìbàdàn, àádọ́rin náírà. Ọmọ Ìwó ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀, Músíliù ló ń jẹ́. Epo ṣọ̀wọ́n lọ́sẹ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì méjì sì wà lẹ́yìn àga tí wọ́n ní kí n jókòó sí. Mo gbóòórùn. Mo wo dẹ́rẹ́bà, sìgá ń jó lẹ́nu rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì.

“Epo ni, Bàbá.”

“Sìgá wá ńkọ́?”

“Epo wà lẹ́yìn, sìgá wà níwájú. Wọn ò mọra.”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ti jókòó ní kí n wọlé jàre, ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń fa á, kò sì ì jóná. Mo ní n kò wọlé. Músíliù ju sìgá náà sílẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Mo wo aago mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko láti rí i dájú pé èéfín ti tán.

“Bàbá, ó ti kú,” ni Músíliù wí. “Àbí kí á sin ín ni?”

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méje la gbéra. Ilẹ̀ ti ń mọ́, ìkùukùu dùbúlẹ̀ sórí oko kòkó lọ́tùn-ún lósì. A kọjá Ìpetumodù láìdúró. Láti Gbọ̀ngán dé Ìkirè, mo ka kòtò mọ́kànlélógójì lójú títì, nínú èyí tí Músíliù yẹ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá já sínú kòtò, mo máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè kúrò lórí itan mi, kí ó má baà fara gbá, epo á sì ké gbọ̀jùgbọ̀jù lẹ́yìn mi.

A dúró ní Ìkirè. Àwọn tó ń ta dòdò yí mọ́tò ká. Ní ilé wa ní Ifẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó bá ti pọ́n tó sì rọ̀ jù, ewúrẹ́ la máa ń fún. Ní Ìkirè, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó í lò: wọ́n á gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á din ín nínú epo pupa títí á fi dúdú bí èédú. Náírà mẹ́wàá ni mo fi ra ọ̀kan. Ó dùn, ó ta, ojú mi sì ń ṣomi. Ibi tí mo ti ń nu ojú ni Músíliù ti bi mí bóyá òkú ni mo ń lọ bá ní Ìbàdàn tí ojú mi fi rí báyìí láti Mayfair.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un. Ó gbọ́ ọ dáadáa, mo fi yìn ín. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, bí nǹkan náà kò bá gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun, inú kí ni wọ́n ń gbé e sí? Mo ní Mọ́rẹ́ kọ ọ́ pé òòfà ni wọ́n fi ń gbé e dúró sí àárín àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò kan òkè, kò kan ìsàlẹ̀.

“Bí ẹrù orò,” ni Músíliù wí. “Èyí tí ẹni tó rù ú kì í sọ̀ títí á fi débẹ̀.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

“Wọn kì í sì í gbé irú ẹ̀ fún aláìbìkítà. Bàbá, bí ọmọ náà bá fi lè bẹ̀rù bíi tiyín, òun gan-an ni kí wọ́n gbé e fún.”

Èrò tún rẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń wo omi Aṣéjìrè bó ṣe ń dán lábẹ́ afárá, mo sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ra títí a fi dé Ìbàdàn.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni mo kan ilẹ̀kùn Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó tú aṣọ. Bó ṣe rí ohun tó wà níbẹ̀, ó wò mí, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ní kí ló dé.

“Bàbá mi, aago mélòó lẹ kúrò nílé?”

Mo sọ fún un. Ó mú bébà, ó ṣe ìṣirò. Ó ní nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potásíọ́mù wà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń yí padà fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹyọ kan, ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni pósítírọ́ọ̀nù, òdìkejì ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná inú wáyà. Antimátà gidi ni.

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjìdínlógún, wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀,” ó wí, ó sì fa ìlà sábẹ́ ìṣirò rẹ̀. “Á tó nǹkan bí àádọ́ta. Orí itan yín ni ẹ gbé e lé, bàbá mi, láti Ìrẹ́mọ.”

Mo wo itan mi. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lára mi, mo kàn rí i pé mo ti di bẹ́ẹ̀dì mú. Èmi tí mo ní kí wọ́n pa sìgá! Èmi tí mo ń gbé e sókè ní gbogbo kòtò! A rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi kan ògiri láti yàrá kejì.

Nígbà tí a sinmi, mo bi í ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ohun tí rédíò sọ nípa gíráàmù kan kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ọmọ aráyé tíì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá kó o jọ, kò lè tan gílóòbù kan ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo ní bí wọ́n bá wá rí gíráàmù kan ńkọ́, ṣé kò ní lè tan iná fún wa? Ó ní ìlú tó tó Ifẹ̀ lè fi í tan iná láìṣẹ́jú fún oṣù mélòó kan, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti lè wa antimátà bí a ṣe ń wa epo rọ̀bì. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é, agbára tí wọ́n ń ná láti ṣe é sì ju èyí tó ń mú wá lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ní bí ẹni dáná sun igbó kìjikìji kó lè yan iṣu kan. Ó ní iṣu ọ̀hún kò tilẹ̀ tó ẹnu. Ibi tó ti wúlò nísinsìnyí ni ọsibítù ńláńlá lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi pósítírọ́ọ̀nù wo inú ọpọlọ aláìsàn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ohun tí òun fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn.

Ó ní kí a lọ jẹun níta. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná, ó fọwọ́ kan ojú ibi tó ti yọ ọ́. A jáde, ó ti ilẹ̀kùn. A ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn nígbà tó ní kí n dúró, ó sáré padà lọ wo áyọ́ọ̀nù náà. Èmi gan-an ni mo rí lára rẹ̀ yẹn. Bí mo ṣe máa ń ṣe sí sítóòfù nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí òun àti ìyá rẹ̀ sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ Músíliù wá dún létí mi.

Bó ṣe padà dé, mo ní, “Mú fọ́ọ̀mù wá.”

Ó wo àpò àyà mi. “Bíírò yín dà?”

“Mo gbàgbé rẹ̀ sílé.”

Ó fún mi ní tirẹ̀, ẹ̀rín sì ń jà lójú rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ sí i níbi mẹ́ta. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù náà, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mọ́tò bóyá kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀, kí n tó wọlé. Kò sí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, bí ẹ bá bi mí: ewu tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé bá gbé, èyí tó ti mọ́ wa lára débi pé a ń fi í rẹ́rìn-ín ni kí á máa ṣọ́ra fún. Mo ra dòdò mẹ́rin ní Ìkirè. Ẹ̀rù ọdún méjì ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo wọlé ní Ìrẹ́mọ. Bíírò mi ṣì wà lórí tábìlì níbi tí mo fi í sí. Ìyàwó mi gba dòdò, ó sì wo àpò àyà mi, níbi tí bíírò búlúù kan wà tí wọ́n ti fi eyín jẹ orí rẹ̀.

Ó fà á yọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ọmọ yìí,” ó ní, “ó ṣì ń jẹ bíírò.”