Ohun tí Màámi Sọ Nípa Àbíkú Inú Tẹlifíṣọ̀n

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Iyana-Iba, nítòsí géètì yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ló ń bọ́ mi, wọn ì báà mọ̀wé kọ, wọn ì báà má mọ̀ ọ́n kọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ wá, lórí àwọn àṣà àti ìgbàgbọ́ àtijọ́ tó wà nídìí eré tẹlifíṣọ̀n kan tí gbogbo àdúgbò ń wò. Eré àbíkú ni. Ọmọ inú eré náà a máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run sọ̀rọ̀ nínú dígí, ojú rẹ̀ a sì funfun báláú. Èmi kò fẹ́ràn eré náà. Màámi kì í tilẹ̀ jẹ́ ká wò ó nílé, mo sì fura sí ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Etí mi òsì ya díẹ̀ lókè, bí ẹni pé abẹ ni wọ́n fi gé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Okokomaiko, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àmì àbíkú ni. Mo bi màámi, wọ́n ní kí n lọ pọn omi. Mo tún bi wọ́n nígbà tí mo pé ogún ọdún, wọ́n dìde, wọ́n lọ ká sùtánà wọn tí wọ́n sá síta, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọ̀hún ṣì tutù. Láti ìgbà náà ni mo ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mo fẹ́ mọ̀ nípa àwọn tó ṣáájú mi, màámi sì ti ń dàgbà. Bí wọn kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ̀ pẹ̀lú òwe pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé àwọn dókítà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ olùkọ́ rẹ̀ ti fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì bá àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ mọ ẹnì kan?” Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ: mo ní màámi wà nílé, ní Iba.

Ká tó débẹ̀, mo ti kábàámọ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé bí màámi bá fajú ro, kó dìde kó máa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé fóònù tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ sórí àga, ó sì bi wọ́n ní ohun tí mi ò lè bi wọ́n láti ogún ọdún sẹ́yìn: kí ni wọ́n mọ̀ nípa àbíkú?

Màámi wo fóònù náà pẹ́. Wọ́n ní àwọn ti wo eré yẹn lẹ́ẹ̀kan nílé aládùúgbò, àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tó wà láàyè là ń so ṣaworo mọ́, kí ìró rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá. Òkú là ń fàmì sí lára, ká lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ènìyàn lọ́bẹ̀ sísè. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ló gé etí òkú ọmọ àwọn kẹta. Wọn kò wo etí mi.

“Èyí tó wá burú jù ni ìyá ọmọ inú eré náà tó ń sunkún lórí òkú yẹn,” màámi ní. “Wọn kì í jẹ́ ká sunkún. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, á tún padà wá ṣe é. Mo dáná lọ́jọ́ náà. Mo fọ abọ́.”

Inú bí mi sí ìyá bàbá mi, tó ti kú, tí mo sì fẹ́ràn gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà láti inú fóònù. Ní ìparí àpilẹ̀kọ, a gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ orí ẹni tó sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti iye ọmọ rẹ̀. Níbi iye ọmọ, mo tẹ ọ̀kan, bí mo ti máa ń kọ ọ́ sí gbogbo fọ́ọ̀mù wọn ní ọsibítù. Mo gbé e lọ sílé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, ìka wọn sì dúró.

“Ta ló kọ èyí?”

Mo ní èmi ni.

“Mẹ́rin ni mo bí,” wọ́n ní. “Lọ tún un tẹ̀.”

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tún un tẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé, màámi fìka tọ́ ibẹ̀, wọ́n ka mẹ́rin sókè, wọ́n sì bú sẹ́kún. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́.