Epo Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Wá láti Igbemo

Mo rántí ìgbà kan tí a jẹ ọbẹ̀ tí kò fojú kan epo pupa fún ọjọ́ mélòó kan, nínú ilé tí a háyà ní Òkè-Ìlá, nígbà tí àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Kì í ṣe pé epo wọ́n wa. Kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó kún dé ẹnu. Ìyá ọkọ mi ló gbé e wá láti Igbemo, pẹ̀lú iṣu àti ìrẹsì ilẹ̀ wa, nígbà tí wọ́n wá kí ọmọ, tí wọ́n sì dúró tì wá fúngbà díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún wọn. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìdérí, òórùn mìíràn gba abẹ́ òórùn epo yọ sí mi nímú. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń wà lára aṣọ bàbá mi bí wọ́n bá ti oko tí wọ́n ti fín oògùn koríko dé. Mo yí kẹ́ẹ̀gì náà wò: wọ́n ti ha bébà ara rẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ nìkan ló kù.

Páńsá ò fura, páńsá já síná. Èmi fura, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni yóò la ẹnu sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé epo rẹ̀ ń rùn? Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní kí n gbàdúrà sí i, pé májèlé kì í ran onígbàgbọ́. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ọ́mọ̀ dán Ọlọ́run wò, pàápàá pẹ̀lú ikùn ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi ọgbọ́n se ọbẹ̀, lónìí ilá, lọ́la ọbẹ̀ olóròóró, mo rò pé ojú màmá kò tó o. Ojú wọn tó o. Ojú àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé ilé náà tó o pẹ̀lú. Ìwàásù nípa ìyá ọkọ tó ń fi oúnjẹ pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀ lórí rédíò nígbà náà, ẹni tó bá sì rí ìyàwó tó ń sá fún epo ìyá ọkọ ti mọ ohun tí òun yóò rò. Èmi gan-an, nígbà tó yá, n kò mọ̀ mọ́ bóyá kẹ́ẹ̀gì ni mo ń fura sí, àbí ọwọ́ tó gbé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá màmá nídìí iná. Wọ́n ti se ẹ̀wà, epo pupa ń dán lórí rẹ̀. Wọ́n bu tiwọn sínú àwo, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ilé ti lè rí wọn.

"Ìyàwó mi, wò mí dáadáa. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ wá wò! Bó bá jẹ́ májèlé ni mo gbé wá, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Wọ́n gbé ṣíbí sókè. Mo gbá a dànù, ẹ̀wà dà sí ìró ṣọ́ọ̀ṣì mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin! Kẹ́ẹ̀gì ni! Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Oògùn koríko àbúrò ọkọ rẹ ni. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi omi gbígbóná ṣàn án, mo sá a sóòrùn. Ta ní ń ju kẹ́ẹ̀gì tó le báyìí nù?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí í jù ú nù lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi pe arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Ó ní oògùn ti wọ inú rọ́bà náà, fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Ó ní kí a má da epo náà sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga, kí a má sì dáná sun kẹ́ẹ̀gì. A da epo àti ẹ̀wà sórí lẹ́búlẹ́bú pákó nínú àpò, a dì í pinpin, a fà á lé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí olóró lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? "Ẹ dá a lu kí ẹ tó kó o fún wọn," ni arákùnrin náà wí, "àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn á he é, á tún bu epo sí i." Màmá gba ìṣó àti òòlù lọ́wọ́ ọmọ wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá a lu, ojú wọn korò bí ẹni ń pa ewúrẹ́ abiyamọ.

"Màmá, ṣé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ mìíràn wà nílé?"

"Èyí tí mo fi ń pọn omi mu," ni wọ́n wí. Wọn kò dúró jẹun. Wọ́n di ẹrù, wọ́n lọ wọ mọ́tò ní gáréèjì Fájuyì, kí wọ́n lè tètè lọ dá ìyẹn náà lu.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara wọn le títí di òní, ọmọ yẹn sì ti ń lọ sílé ìwé. Síbẹ̀ àwọn kan ní Òkè-Ìlá ṣì gbà pé ọwọ́ àjẹ́ ni mo ti já ṣíbí gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àjẹ́ wo ló ń fi ìṣó lu kẹ́ẹ̀gì ara rẹ̀? Kí ni yóò máa fi gbé epo?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, mo máa ń rí ṣíbí yẹn bó ṣe ń lọ sókè, mo sì máa ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ mi yá ju ẹnu wọn lọ.