Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Kì Í Dé

Ògbóǹkangí mẹ́ta ló jókòó lé ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kí ọmọ mi máa dúró sí nínú eré họ́kì. Èkíní ni tíṣà eré ìdárayá wọn, obìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa Jọ́gíráfì, tí wọ́n gbé fèrè lé lọ́wọ́ torí pé òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí láàárín àwọn tíṣà. Èkejì ni lẹ́kíṣọ́rà kan ládùúgbò wa, Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, tó ti lo ọdún mẹ́rin ní Kánádà, tó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí họ́kì níbẹ̀, lórí yìnyín. Ẹ̀kẹta ni èmi. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀pá họ́kì rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo ní rúlà.

Àgbówó là ń gbé nígbà náà. Àwòrán ilẹ̀ ni mo ń yà fún ìjọba ní Sẹkitéríátì. Bí ilẹ̀ ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo wọnú ilẹ̀ ẹnì kejì, èmi ni mo máa ń rí i, mo sì máa ń sọ ọ́, ì báà ṣe pé wọ́n bi mí tàbí wọn ò bi mí. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wà ní JSS 3 nílé ìwé kan ní Bódìjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé ọ̀pá kan wálé tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ó ní òun ti wà nínú àwọn tó ń gbá họ́kì. Mo ní kó fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ hàn mí. Mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí tábìlì kí n lè mọ bó ṣe le tó. Tábìlì náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi dòní pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tó tẹ̀ lé e ni pé láàárín oṣù kan ààbọ̀, wọ́n máa yan àwọn ọmọbìnrin tó máa gbá a fún ìpínlẹ̀. Tíṣà ní ọmọ mi lè wà lára wọn bí wọ́n bá tètè mọ ibi tó yẹ ẹ́. Gbogbo ilé ń yọ̀. Èmi náà yọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa eyín ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń múra eré. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé kí n máa tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti aago mẹ́rin títí wọ́n á fi parí, èmi nìkan nínú gbogbo òbí, torí pé àwọn òbí yòókù ní ìgboyà. Mo fi ẹsẹ̀ wọn pápá náà: mítà mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ní gígùn, mítà mẹ́tàléláàádọ́ta ní ìbú. Ó kéré sí ohun tó wà nínú ìwé òfin eré náà. Mo sọ fún tíṣà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sáré padà sáàárín pápá.

Lẹ́yìn náà ni mo ya pápá náà sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti dúró tàbí tí ọ̀pá bá ti kọlu ọ̀pá. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin fi máa kọjá, àárín pápá ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n lápá òsì lọ́hùn-ún, nítòsí igun iwájú, àmì mọ́kànlá péré ló wà. Mo mú bébà náà lọ bá tíṣà.

"Mà, mo ti wò ó dáadáa. Wíìngì òsì ni Ọlọ́run dá ọmọ yìí fún."

Ó wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ̀yin lẹ yà á, sà?"

"Èmi ni."

"Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọmọ yín ò ṣe é gbára lé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á gbá a débi tí mo máa rò pé mo ti rí ẹni tí mo ń wá. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, á dà bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ro oko. Mi ò lè gbé irú ẹ̀ sí wíìngì. Mo máa fi ṣe aṣọ́lé kejì, gólíkípà. Aṣọ́lé ò nílò ju kó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá."

Mo bi í léèrè ohun tí aṣọ́lé kejì máa ń ṣe. Ó ní orí bẹ́ǹṣì ló máa ń wà, àfi bí nǹkan bá ṣe aṣọ́lé àkọ́kọ́. Mo wo bẹ́ǹṣì náà. Ó jìnnà sí pápá ní mítà mẹ́sàn-án, igi máńgòrò kan sì ṣíji bò ó. N kò tíì rí ipò tó yẹ ọmọ tó báyìí rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, mo ní ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́kíṣọ́rà náà ò fẹ́ kí wọ́n pinnu láìgbọ́ tòun. Ó ní kí n mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀, kó sáré, kó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán pálọ̀ òun.

Mo ní, "Dókítà, orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá tiwọn o."

"Ìpìlẹ̀ kan náà ni. Ní Kánádà, bí ọmọ bá ṣe yọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ohun tó máa dà."

Ọmọ mi sáré, ó yọ̀, ó sì lọ fi èjìká gba kọ́bọ́ọ̀dù tí àwo ìyàwó lẹ́kíṣọ́rà wà nínú rẹ̀. Kò ké. Ó kàn dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Lẹ́kíṣọ́rà mi orí. "Ẹ rí i? Kò yẹ̀ fún nǹkan. Aṣọ́lé ni."

Bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe fara mọ́ bẹ́ǹṣì nìyẹn. Ìyàwó mi nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí mo ròyìn fún un. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ tiyín," ó ní. "Ṣé ẹ ti bi ẹni tó ni ẹsẹ̀?"

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n yan àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí ọ́fíìsì wa, tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìwé náà, mo sì dúró lẹ́yìn táǹkì omi torí oòrùn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín pápá tó ń ṣe bí ẹni tó ra ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, òun á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹni kan tó tó ìlọ́po rẹ̀, ó yí ọ̀pá po lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù bá tibòmíràn jáde. Mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn òbí ọmọ yìí ò bìkítà rárá. Ìgbà tó yíjú ni mo rí i pé èmi ni òbí náà.

Mo wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló wà lókè ọ̀pá, ọ̀tún wà nísàlẹ̀. Mo wo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ wọn wà. Apá kan ṣoṣo ni ọ̀pá họ́kì fi pẹlẹbẹ, òun nìkan sì ni òfin gbà kí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì tó wà lókè ló ń yí i, ọ̀tún kàn ń bá a tì í ni. Mo ti fi oṣù kan wo eré náà pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, n kò rí èyí.

Mo jáde lẹ́yìn táǹkì. Ó rí mi. Ọwọ́ òsì sá wá sísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ká èèyàn mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀tún gòkè, bọ́ọ̀lù sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Tíṣà fọn fèrè. "Ó tún ti dé," ó ní. "Ìṣẹ́gun la wà o, kí ló mú Ọjọ́bọ̀ wá?"

Mo ní láti ṣàlàyé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí ọmọ yìí mọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá ọwọ́ náà jà, kí ó má baà fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò kọ́ ọ nílé. Mi ò lù ú rí lórí rẹ̀. Mo kàn máa ń wo ọwọ́ náà ni, láìsọ̀rọ̀, títí á fi kúrò níbi tó wà. Mo máa ń yangàn fún àwọn ará ilé pé ó ti jáwọ́ pátápátá. Ó ti jáwọ́ lóòótọ́, níbikíbi tí mo bá wà.

Nítorí náà, bébà mi tó péye yẹn, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, ohun tó sì ń ba eré ọmọ náà jẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó wọ sòkòtò aláwọ̀ eérú, ó di pẹ́ńsù mú.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ̀rọ̀. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn, kí n má purọ́, ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bí kò ṣe èmi. Bí mo bá ṣáà ń wá, tí mo sì dúró níbi tó ti lè rí mi lọ́jọ́ tí wọ́n máa yàn wọ́n, orí bẹ́ǹṣì ló máa wà, gbogbo ara rẹ̀ á sì pé. Bàbá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa pè mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú páàdì aṣọ́lé tó tóbi jù ú lọ lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọ̀pá lé itan, ó fi súwẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì ń wo ọmọ tí wọ́n fi sí àárín. Súwẹ́ẹ̀tì náà ń mira. Bí ọmọ yẹn bá ti ń yí ọ̀pá lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń yí lábẹ́ súwẹ́ẹ̀tì. Mi ò sàmì kankan sórí bébà lọ́jọ́ náà.

À ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nígbà tí mo ní, "Ọwọ́ òsì lo máa ń fi sí òkè ọ̀pá."

Ó gbé ọ̀pá sí èjìká kejì. "Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Dádì."

"Mo mọ̀. Mo ti kà wọ́n."

"Ẹ má bínú, sà."

"Àárín yẹn, ṣé ó wù ọ́?"

Ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Òjòó kọjá, a dúró kí eruku rẹ̀ lọ. "Tí mo bá wà níbẹ̀," ó ní, "mo máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù fẹ́ lọ kó tó lọ."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Lọ́jọ́bọ̀, ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni mo máa ń mọ̀."

Mo sọ fún un pé kó fi ọwọ́ tó bá wù ú mú ọ̀pá. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," bí ọmọ tí wọ́n fún ní ohun tó lè di gbígbà padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá tíṣà kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ní èmi ni mo ń ba eré ọmọ náà jẹ́, kó dán an wò láàárín.

"Ṣebí bébà yín sọ pé wíìngì òsì ni, sà?"

"Bébà náà péye, mà. Ẹni tó yà á ló ní àléébù."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo máa fún un. Tó bá fi lè di Ọjọ́bọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, orí bẹ́ǹṣì ló ń padà sí."

Pápá kan lápá Challenge ni wọ́n ti yàn wọ́n, láàárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́kíṣọ́rà fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ, torí pé ó fẹ́ rí aṣọ́lé rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó máa yàn wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú ìwé. Wọ́n fọn fèrè. Ọmọ mi wà láàárín. Ó wo etí pápá, ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi, mo sì rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Mo ti sọ fún un pé kó ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni mo fi wo ọwọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan kò lè pa á rẹ́. Mo yí ẹ̀yìn mi sí pápá, mo kọjú sí títì.

"Kí lẹ ń ṣe?" lẹ́kíṣọ́rà bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi."

Báyìí ni èmi, tí mo máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ṣe fi etí gba ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ọmọ mi, láti ẹnu ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù lórí yìnyín.

"Ó gba bọ́ọ̀lù. Ó ti fún ẹnì kan. Ní Kánádà, wọn ì bá ti gbá a mọ́ ògiri."

"Kò sí ògiri níbẹ̀, Dókítà. Ọwọ́ wo ló wà lókè?"

"Ọwọ́ wo báwo? Òsì. Ó tún gbà á."

Mo gbọ́ tí ọ̀pá kọlu nǹkan tí kì í ṣe ọ̀pá. Ẹnì kan ké.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni. Ó wà nílẹ̀. Ó ti dìde. Rárá, ó tún ti jókòó."

"Ẹsẹ̀ ni àbí ẹnu?"

"Orúnkún, ó jọ pé... Ẹ dúró ná. Ó ti lọ gba bọ́ọ̀lù padà."

Bọ́ọ̀sì mọ́kànlélógójì ló kọjá sí ọ̀nà Ring Road kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Mi ò yíjú. Tíṣà ò mú un kúrò. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ ní ìparí, wọ́n pe tirẹ̀, wọ́n sì fi sí àárín gan-an, níbi tí bébà mi ti dúdú jù. Lẹ́kíṣọ́rà ní òun ti mọ̀ láti ìgbà kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ mi ń tiro bọ̀, orúnkún rẹ̀ ti wú.

"Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí mi?"

"Oòrùn ń pa mí lójú."

"Ibi tí oòrùn wà gan-an lẹ kọjú sí."

Mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara ti èjìká mi, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sókè díẹ̀.

"Ṣé ẹ tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ tá a bá ń gbá a fún ìpínlẹ̀?"

Mo ní bó bá jẹ́ ohun tó fẹ́ ni.

Ó rò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. "Fún ìgbà díẹ̀ ná."