Yàrá Fọ́tò Ilé Ìwòsàn àti Egbò Ẹsẹ̀ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kambolé, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò gbọ́dọ̀ wẹ̀, kó para, kó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀. Ta ni yóò ya fọ́tò àìsàn? Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tí àṣà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe.

Egbò kan yọ sí mi lójúgun, ó kọ̀, kò jiná. Ìyá mi gbé mi gba Tchamba lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Sokodé. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin, wò ó títí, ó ní ó di dandan kí àwọn àgbà dókítà ní Lomé, olú-ìlú wa, rí i, kí wọ́n sọ bóyá kí òun gé ẹsẹ̀ náà. Ara mi kò lè gba ìrìn àjò Lomé, ló bá ní kí a lọ ya fọ́tò rẹ̀ wá. Ilé ìwòsàn kò ní onífọ́tò. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti olórí ìjọba lára ògiri.

Nínú ọjà, a rí bàbá onífọ́tò kan, Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ èdè wa. Ìyá mi wẹ̀ mí, ó lé tìróò fún mi, ó fi ìró tuntun bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá náà gbé mi jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹwà, ẹ má purọ́ fún mi.

Nígbà tí dókítà rí fọ́tò náà, ẹ̀rín pa á. Ó ránṣẹ́ pe onífọ́tò, ó bá a sọ Faransé.

Bàbá náà yíjú sí ìyá mi. "Ìyá, a fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Egbò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rí."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ojúgun mi. "Ẹ bá mi bẹ dókítà. Ọmọbìnrin ni. Bí fọ́tò egbò yìí bá jáde, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la? Ojú ọmọ mi ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀."

Bàbá náà túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ní òótọ́ ni ìyá sọ.

Ibẹ̀ ni ètò yàrá fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán kúrò nínú yàrá kan tí oòrùn òwúrọ̀ ń wọ̀ dáadáa. Onífọ́tò fi aṣọ olódòdó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, ó ta aṣọ funfun lásán sára ògiri. Dókítà ní kí wọ́n máa fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ egbò, kí àwọn ará Lomé lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin, nọ́ọ̀sì obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi sì di òfin: bí egbò kò bá sí lójú, wọn kò ní ya ojú. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ yà níbẹ̀, ìyá mi ló sì di rúlà mú.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí èsì fi dé láti Lomé pé kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n bu awọ itan mi lẹ̀ mọ́ egbò náà. Ó sunkún ayọ̀, èmi náà sì bá a sun ún.

Lónìí, ẹ lè dúró sí Bago, ní agbègbè wa níbí, kí dókítà Lomé máa wo egbò yín lórí fóònù. Ayé ti dára sí i, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi kí ẹ tó fi fọ́tò aláìsàn ránṣẹ́ kiri.

Fọ́tò méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo lé tìróò ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń yìn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n yìn ín tán, kí n tó dìde, kí n fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn wọ yàrá lọ mú èkejì wá.