Káàdì Tí Kò Lè Gbá Kọ́nà Nínú Òjò

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Bọ̀dá Súlè já wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ajégúnlẹ̀, tó ju káàdì kan sórí tábìlì mi. Òógùn bò ó bí ìgbà tó ṣì ń já ẹrù ní èbúté Àpápá, kí ẹ̀yìn dídùn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe? Àwọn ọmọ àdúgbò Bọ́ńdárì ti sọ ṣọ́ọ̀bù mi ní 'E Don Hang', torí géèmù mi ń dúró gan! Gbogbo wọn ti sọdá sí ṣọ́ọ̀bù géèmù òdìkejì títì!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń sanwó gbá ló kù tí ọkùnrin yìí fi ń bọ́ ilé rẹ̀, èmi ni mo sì ta káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú wọn fún un.

Káàdì yìí ló ń gbé àwòrán géèmù jáde sójú kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tí a ń tà ní àwọn ọdún yẹn, kí gbogbo ayé tó máa gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́mọ́rì nìkan ni oníbàárà ń béèrè: 512 ju 256 lọ, ó parí. Bẹ́ẹ̀ mẹ́mọ́rì púpọ̀ nínú káàdì tí kò lágbára dà bí gbọ̀ngàn ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há. Mo mọ èyí. Ṣùgbọ́n sítíkà ara àwọn mẹ́ta yìí pè wọ́n ní oríṣi tuntun tó lágbára, mo sì gbà á gbọ́, torí Alàgbà Oyèkàn, ọ̀gá mi, ló kó wọn wá.

Alàgbà ló kọ́ mi níṣẹ́, ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ìjọ wa ń ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún kíláàsì yẹn títí dòní. Láìsí i, ọmọlanke ni ǹ bá ṣì máa tì ní Ìjọra, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi káàdì kan wé èkejì: gbá kọ́nà nínú òjò. A ó yan òjò nínú géèmù bọ́ọ̀lù, a ó gbá kọ́nà. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù á rọ́ síwájú gòólù, òjò á máa rọ̀, òǹwòran á máa ju ọwọ́. Ibẹ̀ ni káàdì tí kò lágbára ti máa ń mí hẹlẹ. Lọ́jọ́ tí mo tà fún Bọ̀dá Súlè, mi ò gbá kọ́nà kankan. Mò ń kánjú lọ síbi ìdánrawò akọrin. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Níṣojú Bọ̀dá Súlè, mo ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, mo gbá kọ́nà. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó dúró lófuurufú, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn. Mo yọ ọ́, mo fi ògbólógbòó 256 tèmi, tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù fò fìrì, ẹnìkan forí kàn án, ó wọlé!

"Èyí tí o fi ń tẹ ìwé nìyẹn?" Bọ̀dá Súlè pariwo. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Mo tú fáànù káàdì tó dá padà. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀yà dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti sítíkà rárá. Káàdì àtijọ́ ni wọ́n lẹ sítíkà tuntun mọ́; ó tilẹ̀ ti pẹ́ ju èyí tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lọ. Mo gbé e tọ Alàgbà lọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń múra ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ kejì sílẹ̀.

"Sà, ṣé ẹ mọ̀ nípa èyí?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló ń tú fáànù wò?"

"Alàgbà!"

"Gbogbo Ìjọra ló ń lẹ irú sítíkà yẹn. Ó fẹ́ 512, a fún un ní 512. Irọ́ dà níbẹ̀?"

Inú bí mi gidi. Ẹnu yìí kan náà ló fi kọ́ wa pé Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n èké.

"Orúkọ mi lẹ fi lu ọkùnrin yẹn ní jìbìtì, sà."

"Rọra o. Ta ló sọ ẹ́ dèèyàn?"

"Ọlọ́run ni, sà. Ọwọ́ yín ló kàn gbà ṣe é."

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo bá Bọ̀dá Súlè lọ. Mo fi ògbólógbòó mi sí kọ̀ǹpútà kan, mo wá irú rẹ̀ méjì ní Ìjọra fún ìyókù. Kọ́nà ni mo fi yan àwọn náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Bọ́ńdárì fi sọdá padà.

Láti ìgbà náà, káàdì kankan ò kúrò lọ́wọ́ mi láìgbá kọ́nà nínú òjò lójú ẹni tó rà á. Ọlọ́run sì fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Àpápá. Ibẹ̀ ni Alàgbà bá mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Káàdì ló ń wá fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ta páńda fún mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, gbá kọ́nà nínú òjò fún mi, kí n fojú ara mi rí i."

Mo rò pé ìbínú yẹn ti kú. Ìbínú náà tún dìde. Mo gbá kọ́nà náà. Ó lọ geerege. Lẹ́yìn náà, kò tíì béèrè tí mo fi tú fáànù, tí mo sì kọjú ẹ̀yà dúdú abẹ́ rẹ̀ sí i.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹrí sún mọ́ ọn, ó ń ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kó kà á tán, kó rí i pé ó bá ti sítíkà mu.