Ohùn Bàbá Mi àti Ẹsẹ̀ Wọn

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi ṣe ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láìsí ẹ̀rọ kankan ni wọ́n fi ń pe ènìyàn sí ìrun, ohùn wọn a sì dé Èbúté Èrò kí àwọn alájàpá tó tú ẹrù. Nígbà tí ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Gbogbo agboolé gbà pé ìrun pípè náà ni ìwòsàn rẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń pe ènìyàn wá sọ́dọ̀ Rẹ̀ yarọ. Bí bàbá mi ṣe ń pè é kíkankíkan sí i ni ẹsẹ̀ ń wúwo sí i.

Akọ̀wé ni mí ní Marina nígbà náà. Èmi ni mo mú wọn lọ sí ọsibítù, tí mo sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà òyìnbó fún wọn. Dókítà bi wọ́n léèrè ìgbà tí ẹsẹ̀ máa ń kọ̀ jù. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn bá pe ìrun tán ni. Ó ní kí wọ́n pè é kí òun rí i. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní a kì í fi ìpè ìrun dán ẹsẹ̀ wò, àkókò kò sì tíì tó. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dúró títí di Alásàrí.

Bàbá mi nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ki ìka bọ etí, wọ́n pè é. Àwọn aláìsàn yíjú sí wọn. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ ṣí fìlà. Bí wọ́n ṣe parí ni orúnkún yẹ̀, dókítà sì gbá wọn mú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún abẹ́rẹ́ oògùn sí ọ̀pá ẹ̀yìn bàbá mi, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú rẹ̀. Mo rí ìlà wíwọ́ lójú fọ́tò náà bí ipa ekòló. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn ti já tààrà sínú èyí tó yẹ kó máa gbé e padà. Ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà lọ, ó ń tẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn pa. Mo fi gọ́tà ilé wa ṣàpẹẹrẹ fún bàbá mi: bí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà a padà sẹ́yìn, a sì wọ yàrá.

"Gọ́tà Ìsàlẹ̀ Èkó yìí náà ló tún bá mi wọ ẹ̀yìn?" ni wọ́n wí.

Dókítà ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun yóò la ẹ̀yìn wọn, òun yóò so ibi tí iṣan méjèèjì ti pàdé. Ó wá fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀: ohùn gíga ń fi agbára kún ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n má ṣe gbé ohùn sókè rárá títí di ọjọ́ náà.

Èyí ni n kò túmọ̀. Ọmọ wo ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó dẹ́kun ìrun pípè?

"Ó ní kí ẹ máa sinmi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Bàbá."

Ní Jímọ̀ kejì, àwọn ará àdúgbò gbọ́ ìpè Àsùbáà dé òpin, ṣùgbọ́n ládàánì kò sọ̀kalẹ̀ láti òkè mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n bàbá mi wálé. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì rí ibi tí ó ń wá, ó so ó. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Ìwé tí mo ti kà lórí àrùn náà láti ìgbà yẹn kún àpótí kan. Gbogbo wọn ló gbè dókítà náà lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ ohùn.

Ọdún méje ni bàbá mi fi dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí ẹlòmíràn ń pe ìrun, tí ètè wọn ń tẹ̀lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń wẹ ẹsẹ̀ wọn, wọn kò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

"Mo rí dókítà yẹn nígbà tó fọwọ́ kan ọ̀fun," ni wọ́n wí.

Mo ń da omi sí ẹsẹ̀ náà lọ.

"Mo bi ọ́, o ní ìyẹn nìkan. Inú mi dùn pé mo tún lè máa pe ìrun."

Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì sínú omi.