Tíkẹ́ẹ̀tì Ọ̀fẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Fi Wá Sin Ìyá Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri nínú mi láti ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ lónìí. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti ní kí n sọ ọ́.

Ìyá wa kú ní Ìkẹ́rẹ́. A gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì ní Adó, a wá ń retí Bọ̀dá Fẹ́mi, àkọ́bí wọn, tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí ibojì ìyá rẹ̀. Bí gbogbo àwa tó kù bá dúró síbẹ̀ tí òun ò sí ńkọ́? Àwọn èèyàn á kàn máa wojú ara wọn ni.

Bàbá Emùré, àbúrò bàbá wa tó ń gbé ní Emùré, ni olórí ẹbí. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í yẹ̀! Wọ́n ti bá ṣọ́ọ̀ṣì mú Sátidé kan, wọ́n ti tẹ pósítà, ó ti wà lára ògiri káàkiri ìlú.

Ni Bọ̀dá bá ní àwọn ò ní lè tètè dé.

Kí ló fà á? Tíkẹ́ẹ̀tì! Ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn yẹn máa ń fún oníbàárà wọn ní póìǹtì. Tí póìǹtì bá ti pọ̀ tó, wọ́n á gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fún un láyè níwájú, wọ́n á sì jẹ́ kó gbé ẹrù ju tàwọn tó kù lọ. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tó bá wu èèyàn ni wọ́n ń fi àyè ọ̀fẹ́ yẹn sílẹ̀. Èyí tí Bọ̀dá rí gbà, ẹ̀yìn ìsìnkú ló bọ́ sí.

Dípọ̀, àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, gba Àkúrẹ́ lọ bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó rí ilé iṣẹ́ mìíràn tí owó tiwọn fi púpọ̀ dín. Ọkọ̀ náà máa yà síbì kan lójú ọ̀nà, èèyàn á sùn sórí àga níbẹ̀, ṣùgbọ́n á dé ṣáájú Sátidé. Lójú tiwa, owó tí Bọ̀dá lè fi ra bàtà ni! Àwa ńkọ́? Owó oṣù olùkọ́ tí èmi ń gbà àti ti Dípọ̀ ní káńsù, tí wọn kì í tilẹ̀ san déédéé, kò lè ra ìdajì rẹ̀. Àbí ta ló máa ń ronú pé kí òun fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà?

Bọ̀dá kọ̀. Wọ́n ní ti ọ̀fẹ́ yẹn làwọn máa wọ̀.

Inú bí mi gan-an! Ní ìpàdé ẹbí, Dípọ̀ ní àga iwájú ọkọ̀ òfuurufú ló wu Bọ̀dá ju ìyá wọn lọ. Bàbá Emùré lu tábìlì. Wọ́n ní Sátidé ni Sátidé, ẹni tó bá fẹ́ràn póìǹtì, kó máa bá póìǹtì rẹ̀ gbé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó tẹ fóònù ní Adó, kí n lè sọ tẹnu mi fún Bọ̀dá. Ìyàwó wọn ló gbé e. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi bú sẹ́kún.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́."

Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ilé iṣẹ́ tó lé wọn ló ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ nígbà tó dára, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó póìǹtì yẹn jọ. Ní báyìí, ẹrù ni wọ́n ń gbé ní sọ́ọ̀bù kan. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí à ń pariwo lé lórí, agbára wọn ò ká a. Owó tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ fún oògùn ìyá wa, inú oúnjẹ ilé wọn ló ti ń jáde. Ó fi orúkọ Jésù bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìtìjú á pa Bọ̀dá.

Ẹ gbà mí! Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á sin Màámi láìsí àkọ́bí wọn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú ẹni tó rán mi nílé ìwé síhòòhò lójú gbogbo ẹbí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ sójú pátákó.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Emùré. Bàbá nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkè délẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n kó má jáde. Wọ́n wá bi mí bóyá Fẹ́mi ń rí oúnjẹ jẹ. Mo ní mi ò mọ̀.

"Máa lọ ulé," wọ́n ní. "Mo ti gbọ́."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Bàbá tó ń lọ oko lójoojúmọ́! Wọ́n ní orúnkún ń yọ àwọn lẹ́nu, àwọn ò lè dúró nídìí ibojì ní Sátidé yẹn, kí a sún ìsìnkú síwájú. Wọn ò dárúkọ Bọ̀dá rárá.

Ariwo ta! Pósítà ńkọ́? Mọ́ṣúárì ńkọ́? Dípọ̀ sọ ọ́ sí wọn lójú pé tara wọn nìkan ni wọ́n mọ̀, pé wọ́n fẹ́ fi òkú ìyá àwọn sílẹ̀ nítorí orúnkún. Bàbá kàn ń fọwọ́ pa orúnkún náà. Èmi jókòó síbẹ̀, mo mọ òótọ́, mi ò sì lè la ẹnu. Ó dùn mí wọra.

Wọ́n sún un ṣá, Bọ̀dá sì fi tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wọn dé kí ọjọ́ tuntun náà tó pé. Wọ́n ti rù, kóòtù wọn ti tóbi jù wọ́n lọ, àwọn èèyàn ní ọ̀fọ̀ ló fà á. Wọ́n da erùpẹ̀ sí ibojì ìyá wa bó ṣe yẹ. Bàbá Emùré gbá wọn mọ́ra, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kú uṣẹ́." Ìyẹn nìkan.

Bàbá ti lọ báyìí. Títí wọ́n fi kú, Dípọ̀ ò kí wọn tọ̀yàyà tọ̀yàyà mọ́. Bọ̀dá ti rí iṣẹ́ gidi tipẹ́, wọ́n wálé láìpẹ́ yìí, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ gbogbo ohun tójú wọn rí fún èmi àti Dípọ̀. Ni mo bá sọ ìyókù. Dípọ̀ bi mí pé orúnkún Bàbá wá ńkọ́? Mo ní kò sóhun tó ṣe é. Ó dìde, ó jáde síta, kò sì wọlé bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, tí ẹ bá rí ẹni tó di ohun ọ̀fẹ́ mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bú rí, tí ẹ wá mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.